Kí Lo Fi Yà Á? Àgbéyẹ̀wò Orísun Iṣẹ́ Àwọn Ayàwòrán Kútọnu

Ìbéèrè kan wà tí àwọn oníròyìn àti àwọn tó ń ra iṣẹ́ ọnà kì í yé bi àwọn ayàwòrán Kútọnu: níbo ni ìmísí yín ti ń wá? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti mú ìdáhùn tiwọn dání láti ilé. Vodun ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú vodun, oṣù kìíní ọdọọdún sì ni wọ́n máa ń gba ìsinmi fún un káàkiri orílẹ̀-èdè náà, torí náà ó yá wọn lára láti gbà pé òrìṣà ló ń darí búrọ́ọ̀ṣì. Èmi ò ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ohun tí ọwọ́ àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ti ṣe láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn yóò rí i pé ìbéèrè mìíràn ló yẹ kó ṣíwájú: kí lo fi yà á? Ní Kútọnu, ohun èlò kì í dúró de èrò. Kẹ́ẹ̀gì epo, àǹkárá, owó bébà tí báńkì ti gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tó ti gbó: ìtàn ti wà lára nǹkan wọ̀nyí kí ayàwòrán tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ibi tó ti rí ohun èlò rẹ̀ náà ló ti rí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ.

Ara ògiri ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí kánfáàsì. Ní Abomey, olú-ìlú ìjọba Dàhómì àtijọ́, àwọn ọba máa ń mú kí wọ́n fi amọ̀ ya àwòrán sára ògiri ààfin. Erùpẹ̀ ilé ikán ni wọ́n ń pò mọ́ epo pupa, wọ́n á mọ ọ́n kó yọ síta lára ògiri, wọ́n á wá fi àwọ̀ tí wọ́n rí lára ewé àti òkúta kùn ún. Ọba kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó ni ti Agadja, ẹfọ̀n ni ti Ghézo, kìnnìún ni ti Glèlè, àkùràkudà inú òkun sì ni ti Béhanzin. Láti ọdún 1985 ni UNESCO ti ka ààfin náà mọ́ ogún gbogbo ayé.

Cyprien Tokoudagba, ọmọ Abomey tí wọ́n bí ní ọdún 1939, ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan ògiri àtijọ́ yẹn, tó sì tún kan kánfáàsì òde òní. Kò kọ́ iṣẹ́ yìí ní ilé ẹ̀kọ́ kankan. Ilé òrìṣà ló ń kùn fún àwọn tó ni ojúbọ. Iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ọ́ ni. Ẹni tó ń kun ojúbọ kì í kàn ya ohunkóhun tó bá ṣáà wá sí i lọ́kàn: òrìṣà tó wà nínú ilé ni àwòrán gbọ́dọ̀ bá mu, ẹni tó ń kọjá lójú títì sì gbọ́dọ̀ dá a mọ̀ kó tó súnmọ́ ọn. Ní ọdún 1987 ni wọ́n gbà á síṣẹ́ ní mùsíọ́ọ̀mù ààfin Abomey láti máa tún àwọn àwòrán amọ̀ tó ti bàjẹ́ ṣe. Mo máa ń ronú lórí ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ènìyàn. Ẹni tó bá ń di ojú ibi tó ti là lára kìnnìún Glèlè kò lè fi tirẹ̀ kún un. Yóò wo bí ẹni àkọ́kọ́ ṣe tẹ amọ̀, yóò wo ibi tó ti mú kí ìrù ká wálẹ̀, yóò sì tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti ṣe èyí fún oṣù mélòó kan, ọwọ́ rẹ̀ yóò mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè ṣàlàyé.

Ní ọdún 1989 ni Jean-Hubert Martin pè é wá sí ìpàtẹ Magiciens de la terre ní Paris. Lẹ́yìn èyí ni Tokoudagba mú kánfáàsì. Àwọn àmì ọba àti àwọn òrìṣà tó ti ń yà sára ògiri náà ló gbé lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ ohun gbogbo tó yí wọn ká kúrò. Ẹranko kan ṣoṣo yóò dúró láàárín ibi funfun, láìsí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, láìsí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní Abomey, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé kìnnìún ta ni. Ní Paris, ó di dandan kí wọ́n béèrè. Mo gbà pé ibi tí àwọn aláriwísí ti máa ń ṣì í lóye nìyí, nígbà tí wọ́n bá ní àlá òrìṣà ló ń yà. Ìwé ìtàn ìjọba kan ló ń yà, èyí tí àwọn ará ìlú rẹ̀ mọ̀ ọ́n kà. Ó kú ní ọdún 2012, ó sì ti tẹ iṣẹ́ náà mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Láti Abomey, ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ wá sí etí òkun. Kútọnu kò ní ààfin kankan bíi ti Abomey tí ayàwòrán lè lọ tún ṣe. Èbúté àti ọjà ló sọ ọ́ di ìlú ńlá, ohun tó sì pọ̀ níbẹ̀ ni ọjà tó ń wọlé, ọjà tó ń jáde, àti ohun tí ọjà bá fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó fi èyí hàn ju gbogbo wọn lọ ni Romuald Hazoumè, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ọdún 1962, tó dàgbà nínú ìjọ Àgùdà.

Gbogbo ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Sèmè kọjá ló mọ kẹ́ẹ̀gì. Epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń kó wọlé láti Nàìjíríà láìgba ẹnu bodè, tí wọ́n ń pè ní kpayo, inú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ń gbé e lórí ọ̀kadà, tí wọ́n á so wọ́n mọ́ra títí tí ẹ kò fi ní rí ẹni tó ń wa ọ̀kadà náà mọ́. Kí kẹ́ẹ̀gì lè gbà ju bó ti yẹ kó gbà lọ, wọ́n máa ń fi iná yá a kó lè wú. Ike náà á rọ̀, ikùn rẹ̀ á yọ, ara rẹ̀ á sì fẹ́lẹ́. Wọn yóò lò ó bẹ́ẹ̀ títí yóò fi bẹ́. Ìgbà tó bá bẹ́, tí wọ́n sọ ọ́ nù, ni Hazoumè ń mú un. Láti àwọn ọdún 1980 ló ti ń gé kẹ́ẹ̀gì sọ́nà. Ibi tí wọ́n ti ń da epo sí i di ẹnu, ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì di imú, àwọn tó kù a sì máa jẹ́ irun, ìyẹ́, ilẹ̀kẹ̀, ohunkóhun tó bá bá ojú náà mu. Kò sí èyí tó jọ èkejì rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá dúró níwájú wọn mọ̀ pé ojú eégún ni òun ń wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òórùn epo ṣì wà lára òmíràn.

Nígbà tó wá to 304 irú ojú bẹ́ẹ̀ jọ sílẹ̀, ó tò wọ́n bí àwòrán ọkọ̀ Brookes, èyí tí àwọn tó ń ja ìjà òmìnira ẹrú tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún láti fi hàn bí wọ́n ṣe ń to ènìyàn sínú ọkọ̀ bí ẹni to igi. Ọdún 1997 sí 2005 ló fi ṣe é. Ó sọ ọ́ ní La Bouche du Roi, orúkọ ibi tí odò Mono ti ń ṣàn wọ òkun. Ohùn tó ń pe orúkọ àwọn ènìyàn ní èdè Yorùbá àti èdè mìíràn wà nínú rẹ̀, òórùn tábà àti ata wà níbẹ̀, òórùn ìdọ̀tí náà sì wà. Ní ìdí ọkọ̀ ni ojú méjì kan wà, ọ̀kan yẹ́lò, ọ̀kan dúdú: ọba òyìnbó àti ọba ilẹ̀ wa. Kò fi ẹ̀bi náà sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ìgboyà rẹ̀ lórí èyí ni mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un jù. British Museum rà á, wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ ní ọdún 2007, igba ọdún lẹ́yìn òfin tó fagi lé òwò ẹrú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún yẹn kan náà ló gba ẹ̀bùn Arnold Bode ní ìpàtẹ documenta ní Kassel, ní Jámánì, fún ọkọ̀ ojú omi kan tó fi kẹ́ẹ̀gì kàn, tó ń sọ nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá ọ̀nà lọ sí òkè òkun.

Ẹnikẹ́ni lè sọ pé ìtàn ẹrú ni ìmísí Hazoumè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ ìtàn ẹrú tí wọn kò rí nǹkan kan fi ṣe. Ohun tí òun rí ni pé ẹni tó ń gbé kpayo àti kẹ́ẹ̀gì tó gbé, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà lo àwọn méjèèjì, wọ́n á na wọ́n kọjá agbára wọn títí wọn yóò fi bẹ́. Ara ike tó ti fẹ́lẹ́ yẹn ló ti ka gbogbo rẹ̀. Ó sì yẹ ká rántí pé orísun yìí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá: owó epo ní Nàìjíríà ló mú kí kpayo wà, nígbà tí ìjọba Abuja sì yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, iye tí wọ́n ń ta kpayo ní Kútọnu fò sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Apá kan iṣẹ́ rẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í sọ tó ni kánfáàsì rẹ̀, níbi tó ti ń ya ojú odù. Àwa tí Ifá kì í ṣe àjèjì sí mọ̀ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ilà Èjì Ogbè, pé méjì-méjì ni ti Ọ̀yẹ̀kú, àti pé 256 ni odù gbogbo. Fún ẹni tó ń wò ó ní London, ilà tó dára lójú ni. Fún wa, ó ṣeé kà. Èyí kò sọ kánfáàsì di ọpọ́n Ifá, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ Hazoumè di babaláwo. Ohun tó sọ ọ́ dà ni ayàwòrán tó ní álífábẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ nílé kó tó lọ yá ti ẹlòmíràn.

Meschac Gaba, tí wọ́n bí ní Kútọnu ní ọdún 1961, owó ni tirẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n gé agbára owó CFA sí méjì: 50 CFA ló ń gba fáráǹkì Faransé kan tẹ́lẹ̀, ó di 100 lọ́jọ́ kan. Ní àwọn ọdún yẹn ni Gaba ń lẹ owó bébà tí báńkì ti gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ mọ́ ara àwòrán rẹ̀. Ó lọ sí Amsterdam, ó sì fi ọdún 1997 sí 2002 kọ́ odindi mùsíọ́ọ̀mù oníyàrá méjìlá láti inú orí ara rẹ̀. Roméo Mivekannin, tó jẹ́ ọmọ-ọmọ inú ìran Ọba Béhanzin, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ló ń rán pọ̀. Á rẹ wọ́n sínú omi àgbo, á wá ya àwòrán àwọn ògbóǹtarìgì ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù sí i lọ́tun, ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ ni yóò fi sí ojú ẹrú tàbí ìránṣẹ́ tó wà nínú àwòrán náà, tí yóò sì tẹjú mọ́ wa. Aṣọ tí ẹnìkan ti sùn lé lórí kì í ṣe kánfáàsì tuntun. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí àwòrán rẹ̀ fi máa ń dà bí ohun tí wọ́n jí rí nínú ilé, kì í ṣe ohun tí wọ́n rà.

Georges Adéagbo gba tiẹ̀ lọ́nà mìíràn, ó sì yẹ ká dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kútọnu ni wọ́n bí i ní ọdún 1942. Ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní Abidjan, ó tún lọ kàwé ní ilẹ̀ Faransé, ikú bàbá rẹ̀ ló pè é wálé ní ọdún 1971. Láti ìgbà náà, fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ó ń rìn kiri, ó ń ṣa ohun tí ó bá rí nílẹ̀, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sórí bébà, ó sì ń to gbogbo rẹ̀ sí àgbàlá lójoojúmọ́. Àwọn ará ilé kò pè é ní iṣẹ́ ọnà. Òun náà kò pè é bẹ́ẹ̀. Ọdún 1993 ni àlejò kan láti ilẹ̀ Faransé ṣèèṣì kàn án níbẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1999, ó gba ẹ̀bùn ní Biennale ti Venice, ní ọdún 2002 ó wà ní documenta. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò yí padà: bí wọ́n bá pè é sí ìlú kan, á lọ wo ìlú náà, á ra ìwé àti nǹkan àlòkù ní ọjà wọn, á padà wálé, á sì gbé àwòrán fún àwọn tó ń kọ bọ́ọ̀dù nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kí wọ́n yà á fún òun, kí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà náà gbẹ́ tiwọn.

Àwọn tó ń kọ bọ́ọ̀dù yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ní Kútọnu bíi ti Èkó, àwọn ló ń ya orí tí wọ́n gẹ̀ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, àwọn ló ń ya eyín sí iwájú ilé oníṣègùn eyín, ẹja díndín sí iwájú búkà. Nínú wọn ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń di búrọ́ọ̀ṣì mú. Bí iṣẹ́ wọn bá wọ mùsíọ́ọ̀mù nínú àtòjọ ẹlòmíràn, ẹ̀tọ́ ni kí orúkọ wọn wà lára ògiri pẹ̀lú orúkọ olórí iṣẹ́. Àìkọ orúkọ wọn kò bójú mu, kò sì sí àṣà ilẹ̀ wa tó tì í lẹ́yìn, nítorí Yorùbá tó ní oríkì fún gbẹ́nàgbẹ́nà kì í fi orúkọ oníṣẹ́ pamọ́.

Ní ti àwọn obìnrin, aṣọ ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà wọlé. Ọjà Dantokpa ní Kútọnu ti jẹ́ ibùdó àǹkárá fún gbogbo agbègbè wa, àwọn ìyá Yorùbá sì wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ńlá. Moufouli Bello, tí wọ́n bí ní Kútọnu ní ọdún 1987, tó kọ́ ìmọ̀ òfin kó tó fi í sílẹ̀ fún àwòrán, ń ya àwọn ọ̀dọ́bìnrin gàgàrà nínú àǹkárá. Obìnrin náà yóò jókòó, yóò gbé ọwọ́ lé itan, yóò sì wo ẹ ní tààrà. Aṣọ ara rẹ̀ kún fún iṣẹ́ ọnà, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ náà kún fún un, débi pé díẹ̀ ló kù kí ara aṣọ àti ara ògiri di ọ̀kan. Awọ ara obìnrin náà ni kò jẹ́ kí wọ́n dà pọ̀: búlúù ni, búlúù tó dúdú bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró. Èmi tí mo dàgbà láàárín àdìrẹ kò lè wò ó kí n má rántí ẹlú. Ojú tí obìnrin náà fi ń wo ni ló gbé gbogbo rẹ̀ ró. Kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wá wo òun.

Bello, Hazoumè, Chloé Quenum àti Ishola Akpo tó ń ya fọ́tò ni Azu Nwagbogu, ọmọ Nàìjíríà, kó lọ sí Venice ní ọdún 2024, nígbà tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kọ́kọ́ ní ilé tirẹ̀ ní Biennale. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà nínú ohun tí wọ́n gbé ìpàtẹ náà kà. Bẹ́ẹ̀, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí a ń wí yìí, Kétu ni a mọ̀ mọ́ ọn, UNESCO sì ti kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà aráyé láti ọdún 2001. Àwọn òrìṣà kò jìnnà sí iṣẹ́ yìí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo fẹ́ lé wọn jáde. Dominique Zinkpè ń kó ère ìbejì kéékèèké jọ, á kàn wọ́n mọ́ra títí wọn yóò fi di ère ńlá kan. Ohun tó mú un lọ́kàn kọjá ẹwà ère: ó ń béèrè ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ìbejì nígbà tí ìyá kò wẹ̀ ẹ́ mọ́, tí kò bọ́ ọ mọ́. Ní Ilé-Ifẹ̀ náà, àwọn obìnrin tó ń kun ojúbọ ló kọ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì ní ohun kan. Nígbà tí Moyo Okediji àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀ ní ọdún 1989, Okediji padà sórí erùpẹ̀ àti àwọ̀ ilẹ̀ tí àwọn ìyá wọ̀nyẹn ń lò. Ohun èlò ló kọ́kọ́ yí padà, ọ̀rọ̀ ẹnu tẹ̀lé e.

Ohun tó ń kọ mí lóminú lónìí yàtọ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá ọdún 2021, ohun ìṣúra 26 tí àwọn ọmọ ogun Faransé tí Dodds darí kó ní Abomey ní ọdún 1892 padà gúnlẹ̀ sí Kútọnu. Ní oṣù kejì ọdún 2022, wọ́n pàtẹ wọn ní ààfin ààrẹ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tò wá wò wọ́n, iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà òde òní 34 sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọjọ́ ńlá ni, inú mi dùn sí i. Ní oṣù keje ọdún yẹn, wọ́n ṣí ère Amazone, obìnrin jagunjagun Dàhómì, gíga rẹ̀ tó mítà 30. Ògiri tó gùn lọ jàǹrànjanran lẹ́bàá èbúté kún fún àwòrán. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń náwó sórí iṣẹ́ ọnà bí ìjọba díẹ̀ ti ń ṣe ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tó ń sanwó bá fẹ́ Amazone, vodun, Béhanzin àti ọkọ̀ ẹrú, ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ yóò mọ ohun tí wọ́n ń rà. Mo ti ń rí Amazone tó jọ ara wọn bí ìwé ìpolówó. Tokoudagba náà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn olójúbọ, kò sì sí ohun tó burú nínú iṣẹ́ tí wọ́n bẹ ènìyàn. Ìyàtọ̀ ni pé olójúbọ yẹn mọ òrìṣà rẹ̀ ju ayàwòrán lọ, ó sì lè ní kó tún un ṣe. Ta ni yóò sọ fún ọ̀dọ́ òní pé Amazone rẹ̀ kò tíì jọ ẹnikẹ́ni?

Ibi tí ọ̀dọ́ náà yóò ti rí iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ni ìṣòro tó kù. Fondation Zinsou, tí Marie-Cécile Zinsou dá sílẹ̀ ní Kútọnu ní ọdún 2005 pẹ̀lú iṣẹ́ Hazoumè, ti ṣe gudugudu méje, wọ́n ṣí mùsíọ́ọ̀mù mìíràn ní Ouidah ní ọdún 2013, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ wọlé. Tchif, tó ti ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún ìwé ìròyìn kó tó di ayàwòrán orí kánfáàsì, ṣí ilé tirẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìjọba ń gbèrò mùsíọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọnà òde òní fún Kútọnu. Bí wọ́n bá ṣí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi iná yá sínú yàrá àkọ́kọ́, kí ọmọ tó bá wọlé lè fọwọ́ kàn án, kí ó mọ bí ara rẹ̀ ṣe fẹ́lẹ́ tó. Lọ́wọ́lọ́wọ́, La Bouche du Roi wà ní London, yàrá púpọ̀ nínú mùsíọ́ọ̀mù Gaba wà ní Tate ní ìlú kan náà, àtòjọ ńlá tí Adéagbo ṣe fún documenta sì wà ní Köln. Ọmọ Kétu tó bá fẹ́ wò wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ fún físà.